Ogójì Sípóòkù

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, aago márùn-ún ìdájí kọjá díẹ̀, mo gbọ́ "tín-ín!" lábẹ́ ìdí mi. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo wà, mo ti Bulwell jáde, ní apá àríwá ìlú Nottingham, mo ń lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Omi ti dì gbagidi létí títì, iyọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ fọ́n sójú ọ̀nà lóru sì ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ táyà. Mo kọ́kọ́ rò pé òkúta ló ta bá mọ́gáàdì. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó: ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó sì ń ha rọ́bà bíréèkì ní gbogbo ìgbà tó bá yí po. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tan iná fóònù sí i. Sípóòkù kan ti já ní ọrùn, níbi tó ti tẹ̀ wọ inú họ́ọ̀bù tó wà láàárín ẹsẹ̀ náà.

Mo dẹ bíréèkì ẹ̀yìn kó má baà máa di rímù mú, mo lọ́ èyí tó já mọ́ èkejì rẹ̀, mo sì rọra gùn ún débi tí mo ń lọ. Ogójì sípóòkù ló wà nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi. 39 ló gbé mi lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe ń gbálẹ̀ láti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé orí ilẹ̀ tí mo ń gbá yìí ni wọ́n ti ṣe kẹ̀kẹ́ náà. Triumph Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Jubilee Campus ti Yunifásítì Nottingham. Kí wọ́n tó kọ́lé síbẹ̀, tí wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1999, ilé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Raleigh ló ni ilẹ̀ náà. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 1968 ṣì ń gbé mi padà síbẹ̀ láràárọ̀. Bó ṣe pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí pé irin nìkan kọ́ ló jẹ́ kó pẹ́.

Ẹdẹ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, ní Raleigh dúdú kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó íńṣì 28. Bíréèkì rẹ̀ kì í ṣe ti wáyà. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ rọ́bà. Báàjì kan wà níwájú rẹ̀ tó ní orí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn. Èmi àti àwọn àbúrò mi ti fẹnu kò pé lékeléke ni. Nottingham ni mo ti wá mọ̀ pé ẹyẹ apẹja etí odò ni, tí wọ́n mú láti inú àmì ìdílé ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà.

Reluwé ló kó irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú irin tó ti Èkó wá gba Ẹdẹ kọjá kó tó dé Òṣogbo lọ́dún 1907, ọjà òkè òkun sì ń bá a wọlé. Nínú àpótí onígi ni kẹ̀kẹ́ máa ń wà, ní títú; àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ló ń tò ó pọ̀. Àwọn tíṣà, àwọn kátíkíìsì, àwọn agbẹ̀bí, àwọn tó ń wọ abúlé lọ ra kòkó, àwọn ni wọ́n ń gùn ún. Nígbà náà, ẹni tó bá ní in ń san owó láíséǹsì fún káńsù, wọ́n á sì fún un ní páànù pélébé kan tí yóò dè mọ́ ọn.

Bàbá mi kì í jẹ́ kí Sátidé kọjá láì nu kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe kẹ̀kẹ́ yẹn náà ló ń ṣe ìwé tó fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ọmọ ogójì ló wà nínú ìwé náà. Tó bá pe ọmọ kan tí kò jẹ́, yóò gbé bírò sílẹ̀, yóò béèrè ohun tó ṣe é kó tó pe ẹni tó kàn. Kò sí àárọ̀ tó kánjú débi pé á fò ó.

Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ti ń jó, kì í dá a tọwọ́ bọ̀. Ó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ igi odán. Ọmọ Àyàn ni Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, Ẹdẹ sì jẹ́ ìlú tó mọyì ìlù. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1946 títí di 1975, ń fọwọ́ ara rẹ̀ lùlù, ó sì kọ̀wé lórí àwọn ìlù Yorùbá. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ á da kẹ̀kẹ́ dojú dé, á fi ìka ta sípóòkù kọ̀ọ̀kan, á dẹtí sí i. Èyí tó bá dún gooro, á fi í sílẹ̀. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá rọ̀, á fi sípánà kékeré yí nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ díẹ̀ báyìí, kò ní í yí i po, á tún ta á.

"Ọmọ Tíṣà," ó wí fún mi lọ́jọ́ kan, "ọsán ìlù nìwọ̀nyí. Ẹni tó bá fa ọ̀kan le jù, tó sì fi ọ̀kan sílẹ̀, ìlù rẹ̀ ò ní í fọhùn."

Mo rò pé àwàdà ló ń bá ọmọdé ṣe. Ó tó ogójì ọdún kí n tó mọ̀ pé òtítọ́ inú iṣẹ́ náà gan-an ló sọ fún mi.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin àtijọ́, onígi ni, ó sì dúró lórí igi inú rẹ̀ bí ilé ṣe ń dúró lórí òpó. Igi tó bá bọ́ sísàlẹ̀ ló ń gbẹ́rù. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà lára kẹ̀kẹ́ onípẹ́dà tí Pierre Michaux ń ṣe ní Paris ní àwọn ọdún 1860. Ó wúwo, ó sì ń gbo èèyàn lórí òkúta débi pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ní amú-egungun-gbọ̀n. Lọ́dún 1869, ní Paris kan náà, Eugène Meyer gba ìwé àṣẹ fún ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí wáyà ń fà. Ẹ wo ìrònú tó wà ńbẹ̀. Wáyà tí kò nípọn ju mìlímítà 2 lọ ò lè ṣe òpó. Tí ẹ bá tì í, yóò tẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fà á, agbára rẹ̀ yóò yà yín lẹ́nu. Kí a má wulẹ̀ fi í ṣe òpó mọ́, kí a fi í ṣe ọsán. Kí a fà á láti àárín lọ sí etí ní gbogbo ìhà, kí gbogbo rẹ̀ le dọ́gba, rímù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ lè tẹ̀ yóò sì dúró gbọn-in.

Ẹ̀rọ dùndún náà nìyẹn. Awọ méjèèjì ò lè dá dúró, igi àárín ò lè dá sọ̀rọ̀; ọsán tó so wọ́n pọ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n di ìlù.

Ní Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Starley àti William Hillman gba ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ Ariel lọ́dún 1870, ẹlẹ́sẹ̀ wáyà lòun náà. Ìṣòro kan ṣì wà: wáyà yẹn lọ tààrà láti àárín sí etí, tí èèyàn bá sì tẹ pẹ́dà, àárín á fẹ́ yí kí etí tó yí. Lọ́dún 1874, Starley wá ojútùú sí i. Ó jẹ́ kí wáyà gba ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀bù jáde, kí wọ́n máa rékọjá ara wọn bí ìhun apẹ̀rẹ̀, kí ìdajì máa fà síwájú, kí ìdajì máa fà sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń hun ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ títí dòní nìyẹn. John Kemp Starley, ọmọ ẹbí rẹ̀, gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde lọ́dún 1885, tí ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ti ẹ̀yìn. Lọ́dún 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹran ní Belfast, gba ìwé àṣẹ fún táyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tó kù lẹ́yìn èyí, àtúnṣe kéékèèké ni.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n àgbájọ yìí ní ohun tó ń ná àwọn tó wà nínú rẹ̀. Tí mo bá jókòó lórí kẹ̀kẹ́, sípóòkù tó bá bọ́ sísàlẹ̀ á dẹ̀ díẹ̀. Bó ṣe ń kúrò nísàlẹ̀, á tún le padà. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mi ń yí nǹkan bí ìgbà 483 nínú kìlómítà 1. Láti Bulwell dé Triumph Road, tó jẹ́ bíi kìlómítà 6, sípóòkù kọ̀ọ̀kan ń dẹ̀, ó ń le, nǹkan bí ìgbà 2,900, kí n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sílé. Ó ń rẹ irin bó ṣe ń rẹ èèyàn. Ọrùn tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́ọ̀bù ni àárẹ̀ náà ń kó jọ sí, ibẹ̀ ló sì sábà máa ń já sí.

Báyìí ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe kẹ̀kẹ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìsọ̀ kékeré kan ní Raleigh Street, ní Nottingham, ń ṣe kẹ̀kẹ́ 3 lọ́sẹ̀ nígbà tí Frank Bowden débẹ̀. Oníṣòwò ni, àìsàn ti dá a wólẹ̀, kẹ̀kẹ́ gígùn ló fi gba ara rẹ̀ padà. Ó fi owó rẹ̀ sí i, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ Raleigh sílẹ̀ lọ́dún 1888. Lọ́dún 1902 ni Sturmey-Archer bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe họ́ọ̀bù onígíà mẹ́ta. Lọ́dún 1949, kìlómítà tí àwọn ará Bìrìtìkó fi kẹ̀kẹ́ rìn sún mọ́ bílíọ̀nù 24. Ẹni tó ń lọ sí ilé-iṣẹ́, ẹni tó ń lọ sí kùsà, kẹ̀kẹ́ ni, lójò lẹ́ẹ̀rùn, nínú yìnyín pàápàá. Nígbà tó fi máa di 1951, kẹ̀kẹ́ tí Raleigh ṣe lọ́dún kan ṣoṣo ti lé ní mílíọ̀nù 1, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì lọ sókè òkun.

Mo fi àkísà àti epo nu họ́ọ̀bù ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi títí àkọlé rẹ̀ fi hàn: orúkọ Sturmey-Archer, lẹ́yìn náà AW, lẹ́yìn náà 68, lẹ́yìn náà 11. Oṣù Bélú ọdún 1968 ni wọ́n ṣe é. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ní ìdérí, ibẹ̀ ni wọ́n ní kí èèyàn máa kán epo sí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí ìdérí yẹn ni mo ń kí ẹni tó fi í síbẹ̀. Kò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn òun tí yóò fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn dè é. Bákan náà ni ti sípóòkù. Àṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹsẹ̀ iwájú ní 32, kí ẹ̀yìn tó ń gbé èèyàn àti ẹrù ní 40. Tí ọ̀kan bá já, ìyókù á gbé ọ débi tí wọn yóò ti tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré ìje òde òní ò ní ju 20 tàbí 24 lọ. Tí ọ̀kan bá já níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí o fẹsẹ̀ rìn délé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò. Kẹ̀kẹ́ Raleigh ti ń rìn nílẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́ kí èèyàn dúdú tó lè wọlé lọ ṣe é ní ilé-iṣẹ́ wọn ní Nottingham. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ará Jàmáíkà tó ṣí wá sí ìlú yìí ń wáṣẹ́ débẹ̀, wọ́n sì ń lé wọn padà nítorí àwọ̀ ara wọn. Oswald George Powe, ọmọ Jàmáíkà tó ń gbé Nottingham, gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Norman Manley, olórí ìjọba Jàmáíkà. Manley jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Jàmáíkà lè dáwọ́ rírà kẹ̀kẹ́ wọn dúró. Ilé-iṣẹ́ náà ṣílẹ̀kùn. Mo máa ń rántí Powe tí mo bá ń gba àdúgbò Radford kọjá lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé ó mọ ohun tí bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ẹdẹ ò mọ̀ nígbà náà: pé àwa tí à ń ra kẹ̀kẹ́ wà lára ohun tó gbé ilé-iṣẹ́ yẹn ró.

Lọ́dún 2002, kẹ̀kẹ́ ṣíṣe dópin ní apá Triumph Road tó ṣì kù sọ́wọ́ Raleigh. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe túká. Ohun tó kù nínú iṣẹ́ náà nílùú yìí ni títún un ṣe.

Òtútù sì ni ìdánwò rẹ̀. Nílé, ọyẹ́ la mọ̀ sí òtútù. Ọyẹ́ ń bó ètè, ó ń la ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni, kì í bá irin jà. Òjò ń rọ̀ ní Ẹdẹ, oòrùn á sì gbẹ ẹ́ kó tó di ọ̀sán. Ti Nottingham ò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú iyọ̀ tí wọ́n ń fọ́n sójú títì nílẹ̀ yìí ń wá láti ibi ìwakùsà Winsford ní Cheshire, tí wọ́n ti ṣí láti 1844. Iyọ̀ náà kì í jẹ́ kí omi tètè dì, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, kì í jẹ́ kí irin gbẹ, ó sì ń wọ ibi tí àkísà ò dé: inú ihò rímù, ìdí nọ́ọ̀tì sípóòkù, àárín ṣéènì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Irin tó dógùn-ún lóṣù Ọ̀pẹ lè má sọ nǹkan kan títí oṣù Èrèlé.

Rímù irin ní ìyọnu tirẹ̀. Tó bá tutù, rọ́bà bíréèkì ń yọ̀ lójú rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń ta rọ́bà bíréèkì tó ní awọ lójú, irú rẹ̀ ni mo sì ń lò lẹ́yìn. Ti iwájú, mo pààrọ̀ rímù rẹ̀ sí alumíníọ́mù, torí pé bíréèkì iwájú ló ń dá kẹ̀kẹ́ dúró jù. Ti ẹ̀yìn ò rọrùn bẹ́ẹ̀. Rímù alumíníọ́mù oníhò 40 ṣọ̀wọ́n lọ́jà. Irin àkọ́kọ́ ló ṣì wà níbẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ tí sípóòkù já, mo gbé ẹsẹ̀ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nínú ilé páànù ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó gbé e kọ́ orí irin, ó yí i. Kí ó tó fọwọ́ kan sípánà kankan, ó fi èékánná ta àwọn sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dẹtí sí wọn. Ara mi bù máṣọ. Mo sọ fún un pé mo ti rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí, lábẹ́ igi kan, ní Ẹdẹ. Kò yà á lẹ́nu.

"Etí máa ń tètè mọ̀ ju ojú lọ," ó ní.

Ó wá ní kí n fọwọ́ fún sípóòkù mẹ́ta tó wà nítòsí èyí tó já. Wọ́n rọ̀ bí okùn ìsáṣọ.

"Èyí tó já kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀," ó ní. "Àwọn wọ̀nyí ló ti dẹ̀ tipẹ́. Èyí tí wọn ò gbé, òun ló ń bá wọn gbé e."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Láti ìgbà Kérésìmesì ni mo ti ń gbọ́ "kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́" lẹ́yìn mi tí mo bá ń gun òkè, tí mo ń wí fún ara mi pé tí òtútù bá lọ, màá wò ó. Kẹ̀kẹ́ pè mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò jẹ́.

Nọ́ọ̀tì méjì ti dógùn-ún mọ́ sípóòkù, wọn ò yí. Bàbá náà kán epo sí wọn, ó ní kí n fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ká ní ó fagbára yí wọn lọ́jọ́ náà ni, méjì mìíràn ì bá já. Lọ́jọ́ kejì wọ́n yí. Ó ki sípóòkù tuntun bọ ihò họ́ọ̀bù, ó gbà á kọjá lórí méjì, ó gbà á lábẹ́ ẹ̀kẹta, bí àwọn ahunpẹ̀rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ó fi òróró ìlíńsíìdì pa ẹnu rẹ̀, èyí tí àwọn ahunsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti ń lò tipẹ́, torí pé tó bá gbẹ, ó máa ń di nọ́ọ̀tì mú kó má tú, ó sì ń lé omi. Lẹ́yìn náà ló na sípánà sí mi. Níbi tí rímù bá fì sí ọ̀tún, mo ń fa ti òsì díẹ̀, mo ń dẹ ti ọ̀tún díẹ̀, mo ń yí i, mo ń wò ó. Ó gbà mí ní wákàtí méjì. Bàbá náà jókòó tì mí, kò kánjú mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní ètò. Tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́n iyọ̀, mo ń rọra da omi tútù sára ẹsẹ̀ méjèèjì, mo ń fi àkísà gbẹ rímù, mo ń yí ṣéènì gba inú àkísà tí mo fi epo pa. Lóṣooṣù mo ń ṣí ìdérí họ́ọ̀bù, mo ń kán epo sí i. Kí òtútù tó dé, mo ń yọ táyà kúrò, mo ń wo inú rímù bóyá ìpáàrà ti ń jẹ ẹ́, mo sì ń fi epo pa ìdí gbogbo nọ́ọ̀tì. Kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tó gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, àfi ti ìgbẹ̀yìn yìí.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ń ṣe èyí tó ṣe pàtàkì jù. Mo ń da kẹ̀kẹ́ dojú dé nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, mo ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fún táyà ní afẹ́fẹ́, mo ń fi ìka ta sípóòkù níkọ̀ọ̀kan bí Tíṣà ṣe ń pe orúkọ. Èyí tó bá jẹ́ gooro, mo bọ́ sí èyí tó kàn. Èyí tí kò bá jẹ́ dáadáa, mo dúró, mo wo ohun tó ṣe é. Tuntun yẹn ṣì ń dán láàárín àwọn àgbà rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti bá tiwọn mu. Lálẹ́ àná, yìnyín ń bọ́ níta, mo tún pè wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ogójì ló jẹ́.